Koríko, Ẹ̀pà àti Dọ́là: Ohun tí Bọ́ǹbù Átọ́míìkì ná Pakístàn

Ní aago mẹ́ta kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ọ̀sán Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ 28 oṣù Karùn-ún ọdún 1998, òkè kan ní agbègbè Chagai, ní ìpínlẹ̀ Balochistan ní ìwọ̀ oòrùn Pakístàn, mì tìtì, òkúta dúdú ara rẹ̀ sì di funfun lójú àwọn tó dúró lókèèrè tí wọ́n ń wò ó. Ìjọba kéde pé bọ́ǹbù átọ́míìkì márùn-ún ni àwọn yìn nínú ihò tí wọ́n gbẹ́ sínú òkè náà. Ọjọ́ méjì lẹ́yìn náà ni wọ́n yin òmíràn ní aṣálẹ̀ Kharan. Àwọn ènìyàn tú síta, wọ́n ń jó, wọ́n sì ń pín ohun dídùn fún ara wọn lójú pópó.

Ní alẹ́ ọjọ́ 28 yẹn kan náà, kí ijó tó tán lẹ́sẹ̀ àwọn oníjó, ìjọba ṣe ohun kejì tí ariwo rẹ̀ kò tó ti àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n tó wọlé tọ ènìyàn lọ ju ti àkọ́kọ́ lọ. Wọ́n kéde ìlú-ò-fararọ, wọ́n sì ti gbogbo àkáǹtì owó òkèèrè tó wà ní àwọn báńkì orílẹ̀-èdè náà pa. Owó inú àwọn àkáǹtì wọ̀nyí tó nǹkan bí bílíọ̀nù 11 dọ́là. Ẹni tó bá fẹ́ owó rẹ̀ lè wá gbà á, ṣùgbọ́n rúpìì ni wọn yóò kà fún un, ìjọba fúnra rẹ̀ ni yóò sì dá iye tí wọn yóò fi ṣírò rẹ̀.

Alẹ́ ọjọ́ yẹn ni àkọsílẹ̀ yìí dá lé, pẹ̀lú ohun tó bí i àti ohun tó bí. Bí àwọn ènìyàn bá ń jiyàn lórí iye tí ohun ìjà átọ́míìkì ń ná orílẹ̀-èdè, owó ilé iṣẹ́, owó ẹ̀rọ àti owó oṣù àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ni wọ́n sábà máa ń bèèrè. Ìbéèrè náà kò burú, ṣùgbọ́n ní ti Pakístàn, ibẹ̀ kọ́ ni owó ńlá náà gbà jáde. Ọ̀dọ̀ àwọn tó ń yá orílẹ̀-èdè náà lówó ló gbà jáde, àti ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ orílẹ̀-èdè náà gan-an, tí wọ́n kó dọ́là wọn sí báńkì nítorí pé ìjọba ní kí wọ́n má mikàn.

Koríko àti ẹ̀pà

Ọdún 1965 ni Zulfikar Ali Bhutto, tó jẹ́ mínísítà fún ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè nígbà náà, sọ fún ìwé ìròyìn kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pé bí Íńdíà bá ṣe bọ́ǹbù, àwọn yóò jẹ koríko tàbí ewé, àwọn yóò tilẹ̀ gbààwẹ̀ àìrówónájẹ, ṣùgbọ́n àwọn yóò ní tàwọn. Títí di òní ni àwọn kan ń fi ọ̀rọ̀ yìí yangàn, tí àwọn mìíràn sì ń fi í bú Pakístàn. Ohun tí èmi rí nínú rẹ̀ ni pé kí wọ́n tó fi òkúta lé òkúta níbi kankan ni ẹni tó ń dá a lábàá ti mọ̀ pé ó máa ná ìlú ní nǹkan, ó sì ti mọ̀ pé ikùn ará ìlú ni owó náà yóò ti jáde.

Ní oṣù Kejìlá ọdún 1971, ogun gba apá ìlà oòrùn Pakístàn lọ́wọ́ wọn, ó di Bangladesh, àwọn tí Íńdíà sì kó ní ìgbèkùn lé ní 90,000. Bhutto gba ìjọba lórí ìtìjú yẹn. Kò tíì lò tó oṣù méjì lórí oyè tó fi pe àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì jọ sí ìlú Multan, ní oṣù Kìíní ọdún 1972, tó sì ní kí wọ́n lọ ṣe bọ́ǹbù wá. Nígbà tí Íńdíà wá yin tiwọn wò ní ọjọ́ 18 oṣù Karùn-ún ọdún 1974, kò sí ẹni tó tún lè dá ọwọ́ rẹ̀ dúró mọ́.

Ọ̀nà méjì ni wọ́n gbìyànjú. Wọ́n kọ́kọ́ bá Faransé ṣe àdéhùn ní ọdún 1976 lórí ilé iṣẹ́ tí yóò máa yọ pílùtóníọ̀mù, ọ̀kan nínú èròjà tí wọ́n fi ń ṣe bọ́ǹbù, ṣùgbọ́n Amẹ́ríkà tẹ Faransé lọ́rùn títí tí Faransé fi yọwọ́ ní ọdún 1978. Ọ̀nà kejì ni ti yuréníọ̀mù, èyí tí Abdul Qadeer Khan, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ọmọ Pakístàn, mú bọ̀ láti Nẹ́dálándì níbi tó ti ń ṣiṣẹ́. Kahuta, tí kò jìnnà sí Islamabad, ni wọ́n kọ́ ilé iṣẹ́ náà sí. Ẹ̀rọ gbọ̀ọ̀rọ̀ gbọ̀ọ̀rọ̀ tó ń pòòyì bí òkòtó ni wọ́n tò síbẹ̀ ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún, tí èyí tó ń jáde nínú ọ̀kan ń wọnú èkejì, títí tí ìwọ̀n díẹ̀ tí wọ́n ń wá nínú yuréníọ̀mù yóò fi pọ̀ tó èyí tó lè bú gbàmù. Nítorí pé kò sí ẹni tó máa tà wọ́n ní odindi ẹ̀rọ, ẹyọ ẹyọ ni wọ́n ń ra ẹ̀yà ara rẹ̀ káàkiri Yúróòpù, lábẹ́ orúkọ alágbàtà tí kò jọ mọ́ ìjọba. Ẹni tó bá ti bá alágbàtà ra ọjà tí òfin kò fẹ́ kó rà mọ̀ pé kì í ṣe iye ọjà ni ènìyàn ń san níbẹ̀. Owó náà kò sì hàn nínú ètò ìṣúná tí wọ́n ń gbé síwájú ilé aṣòfin.

Síbẹ̀, ká sọ òótọ́, ilé iṣẹ́ bíi Kahuta kò lè dá orílẹ̀-èdè tó tóbi bíi Pakístàn wó. Ohun tó ń dá a lágara ni ìlẹ̀kùn Amẹ́ríkà, tó ń ṣí, tó ń tì. Ní oṣù Kẹrin ọdún 1979, Amẹ́ríkà gé ìrànwọ́ nítorí Kahuta. Kí ọdún náà tó parí ni ọmọ ogun Sófíẹ̀tì wọ Afghanístàn, ni ìlẹ̀kùn bá tún ṣí. Ààrẹ Carter fi mílíọ̀nù 400 dọ́là lọ Ọ̀gágun Zia-ul-Haq, tó ń ṣàkóso Pakístàn nígbà náà, Zia ní ẹ̀pà ni, òun kò gbà. (Àgbẹ̀ ẹlẹ́pà ni Carter kó tó di ààrẹ, nítorí náà ẹ̀fẹ̀ náà dé ibi tó ń lọ.) Zia mọ ohun tó ń ṣe, torí pé ní ọdún 1981, ìjọba Reagan gbé bílíọ̀nù 3.2 dọ́là sílẹ̀ fún ọdún mẹ́fà. Òmíràn tó lé díẹ̀ ní bílíọ̀nù mẹ́rin tẹ̀lé e, òun náà fún ọdún mẹ́fà. Ní ọdún mẹ́wàá yẹn, bọ́ǹbù kò ná Pakístàn ní nǹkankan lójú ayé. Iṣẹ́ ń lọ ní Kahuta, dọ́là ń wọlé, Amẹ́ríkà sì ń wo ẹ̀gbẹ́ kan.

Òfin kan wà nílẹ̀ láti ọdún 1985, tí wọ́n fi orúkọ sẹ́nétọ̀ Larry Pressler pè, tó ní kí ààrẹ Amẹ́ríkà máa jẹ́rìí lọ́dọọdún pé Pakístàn kò ní bọ́ǹbù kí ìrànwọ́ tó lè jáde. Wọ́n ń jẹ́ ẹ̀rí náà lọ́dọọdún títí tí Sófíẹ̀tì fi kó ẹrù rẹ̀ kúrò ní Afghanístàn. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 1990, Ààrẹ Bush ní òun kò lè jẹ́rìí mọ́. Lójú tèmi, bọ́ǹbù nìkan kọ́ ló fa ìyàtọ̀ náà. Àìní Amẹ́ríkà ló yí padà. Èyí tó wà nínú ètò kejì, tí a bá pín in sí ọdún mẹ́fà tí wọ́n ṣe é fún, ju mílíọ̀nù 600 dọ́là lọ lọ́dún, ó sì dáwọ́ dúró láàárín ọjọ́ kan.

Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ òfurufú F-16 ni mo fẹ́ kí a tẹjú mọ́ díẹ̀. Pakístàn ti pàṣẹ ọkọ̀ ogun yìí lọ́dọ̀ Amẹ́ríkà, ó sì ti san nǹkan bí mílíọ̀nù 658 dọ́là lórí 28 nínú wọn. Wọ́n ti kàn wọ́n tán. Ṣùgbọ́n òfin Pressler kò jẹ́ kí wọ́n kó wọn fún ẹni tó ra wọ́n, kò sì sí òfin tó ní kí wọ́n dá owó padà kíákíá. Inú aṣálẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Arizona ni wọ́n tò wọ́n sí, wọ́n fi nǹkan bo ojú fèrèsé wọn, wọ́n sì ń ka owó ibi tí wọ́n gbé wọn sí sí Pakístàn lọ́rùn. Oṣù Kejìlá ọdún 1998 ni wọ́n tó yanjú ọ̀rọ̀ náà: Amẹ́ríkà dá apá kan padà ní owó, ó sì fi àlìkámà àti ọjà mìíràn dí ìyókù. Orílẹ̀-èdè tó ń yá owó èlé kiri ló so owó bẹ́ẹ̀ rọ̀ sí aṣálẹ̀ ẹlòmíràn fún ọ̀pọ̀ ọdún. Kò sí ìwé ìṣirò Kahuta tí èyí máa hàn nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n owó bọ́ǹbù ni.

Owó tí kò sí nínú báńkì

Bí ìrànwọ́ ti gbẹ, ìjọba wá ọ̀nà mìíràn tí dọ́là lè gbà wọlé. Ní ọdún 1991, wọ́n ní ẹnikẹ́ni, ìbáà ṣe ẹni tó wà nílé tàbí ẹni tó wà lẹ́yìn odi, lè ṣí àkáǹtì owó òkèèrè ní báńkì ilẹ̀ Pakístàn, kò sì sí ẹni tó máa bi í léèrè ibi tó ti rí owó náà. Ní ọdún 1992, wọ́n fi òfin dè é: ìjọba kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án, ẹni tó ni ín lè kó o jáde nígbàkúùgbà. Àwọn ènìyàn gbà wọ́n gbọ́. Oníṣòwò kó tirẹ̀ wá, opó kó owó tí ọkọ rẹ̀ fi sílẹ̀ wá, ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ní ilẹ̀ Lárúbáwá fi tirẹ̀ ránṣẹ́.

Ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wọn kò fiyè sí ni ibi tí dọ́là náà ń gbà tó bá ti wọlé. Báńkì tó gbà á kì í tọ́jú rẹ̀. Wọ́n máa ń kó o fún báńkì àpapọ̀, tí yóò fún wọn ní rúpìì dípò rẹ̀, tí yóò sì ṣe onídùúró fún wọn pé bí oníǹkan bá dé, dọ́là yóò wà. Báńkì àpapọ̀ náà ń kó dọ́là yẹn fún ìjọba ná: epo rọ̀bì ni, ẹ̀rọ ni, èlé orí gbèsè ni. Nítorí náà, nígbà tí oṣù Karùn-ún ọdún 1998 fi máa dé, ìwé àkáǹtì àwọn ènìyàn ń sọ bílíọ̀nù 11, nígbà tí owó òkèèrè tó wà ní ìpamọ́ lọ́wọ́ báńkì àpapọ̀ kò ju bílíọ̀nù kan àti díẹ̀ lọ, tí kò tó ohun tí orílẹ̀-èdè náà ń fi ra ọjà wọlé ní oṣù méjì. Gbèsè òkèèrè ti lé ní bílíọ̀nù 30. Ètò ẹ̀yáwó tí wọ́n bá àjọ IMF, tó ń yá àwọn orílẹ̀-èdè lówó, ṣe ní oṣù Kẹwàá ọdún 1997, tó tó nǹkan bíi bílíọ̀nù 1.5, ni wọ́n gbé ara lé.

Ní ọdún 1997 ni Olóòtú Ìjọba Nawaz Sharif bẹ àwọn ọmọ Pakístàn nílé àti lẹ́yìn odi pé kí wọ́n kówó jọ láti san gbèsè ìlú. Àwọn ènìyàn dáhùn. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó dáhùn yẹn ni ilẹ̀ máa wá mọ́ bá ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 1998, tí àkáǹtì wọn ti wà ní títì.

Oru ọjọ́ 28

Íńdíà yin bọ́ǹbù ní ọjọ́ 11 àti ọjọ́ 13 oṣù Karùn-ún. Ọjọ́ 17 ló wà láàárín ti Íńdíà àkọ́kọ́ àti ti Chagai, ọjọ́ 17 yẹn sì jẹ́ ọjọ́ ìṣirò. Ààrẹ Clinton pe Nawaz Sharif lórí tẹlifóònù léraléra, ó ń ṣèlérí ìrànwọ́, ó ń sọ pé ọ̀rọ̀ àwọn F-16 inú aṣálẹ̀ yẹn yóò yanjú. Nínú ìgbìmọ̀ tó jókòó lé ọ̀rọ̀ náà, Sartaj Aziz, mínísítà ètò ìṣúná, ló ń tọ́ka sí àpò ìlú. Ṣùgbọ́n ẹni tó ti jẹ oyin ìlérí Amẹ́ríkà ní ọdún 1981, tó sì rí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní 1990, kò lè fi bẹ́ẹ̀ ka òmíràn sí. Àwọn alátakò ń fẹ́ ìdáhùn, ìgboro ń fẹ́ ìdáhùn. Bí mo bá jókòó sí ipò Sharif, n kò lè búra pé n kò ní yìn ín.

Ìjọba mọ̀ pé bí bọ́ǹbù bá ti dún, gbogbo ẹni tó ní dọ́là ní báńkì ni yóò sáré wá gbà á, torí pé òfin Amẹ́ríkà kan wà, tí wọ́n ń fi orúkọ sẹ́nétọ̀ John Glenn pè, tó mú kí ìjẹníyà jẹ́ dandan: kò sí ìrànwọ́, kò sí yíyá owó láti ọwọ́ ìjọba, Amẹ́ríkà yóò sì máa tako owó tó bá fẹ́ jáde láti IMF àti Báńkì Àgbáyé. Jàpáànù, tó ń fún Pakístàn ní ìrànwọ́ ju orílẹ̀-èdè mìíràn lọ nígbà náà, yóò tẹ̀lé e, ó sì tẹ̀lé e lóòótọ́. Bílíọ̀nù 11 kò sì sí nílẹ̀ tí wọn yóò fi san án. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ti ilẹ̀kùn kí ilẹ̀ tó mọ́.

Ẹ jẹ́ kí a fi ojú ẹni kan wò ó. Ẹni tó ní 10,000 dọ́là ní báńkì, tó bá fẹ́ gbà á lẹ́yìn tí ìjọba ti dá iye sí rúpìì 46 fún dọ́là kan, yóò gba rúpìì 460,000. Ní ìgboro, lọ́wọ́ àwọn tó ń pààrọ̀ owó, dọ́là kan fò kọjá rúpìì 60 láàárín oṣù díẹ̀. Dọ́là tirẹ̀ kan náà ì bá sì di 600,000. Rúpìì 140,000 ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ láìsí olè, láìsí iná. Tí kò bá sì gba rúpìì, ó lè fi owó náà sílẹ̀, kó máa wo ìwé rẹ̀ lójú. Owó orí ni mo pe èyí, owó orí tí ẹnikẹ́ni kò dìbò fún, tí wọ́n bù lé orí ẹni tó gba ìjọba gbọ́ nìkan. Ẹni tó kó dọ́là rẹ̀ sí abẹ́ ibùsùn kò san kọ́bọ̀.

Àwọn tó wà lẹ́yìn odi gbọ́. Owó tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ sílé nípasẹ̀ báńkì, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó bílíọ̀nù 1.5 dọ́là ní ọdún ìṣúná 1997 sí 1998, wálẹ̀ sí nǹkan bíi bílíọ̀nù 1.06 ní ọdún tó tẹ̀lé e, kò sì tó bílíọ̀nù kan mọ́ ní ọdún 1999 sí 2000. Kì í ṣe pé wọn kò fi owó ránṣẹ́ sí ìyá wọn mọ́. Wọ́n ń gbé e fún àwọn oníhúńdì, tí ènìyàn máa fún lówó ní Dubai, tí èkejì wọn yóò sì kà á fún ará ilé rẹ̀ ní Karachi láìsí ìwé. Ìyá ń rí owó gbà, báńkì àpapọ̀ kò rí dọ́là.

Ìyókù yá kánkán. Ọjà ìpín-ìdókòòwò ní Karachi, tí òǹkà rẹ̀ wà ní nǹkan bíi 1,500 kí Íńdíà tó yin tirẹ̀, já wá sí abẹ́ 800 ní àárín oṣù Keje. Àwọn mínísítà G8, ìyẹn ẹgbẹ́ orílẹ̀-èdè ńláńlá mẹ́jọ, fẹnu kò ní Lọ́ńdọ̀nù ní oṣù Kẹfà pé kí ẹ̀yáwó Báńkì Àgbáyé dúró, àfi èyí tó bá jẹ mọ́ ohun tí ẹ̀dá fi ń gbé ayé. Ètò IMF dúró. Ní oṣù Kọkànlá, owó òkèèrè tó kù ní ìpamọ́ kò ju nǹkan bíi mílíọ̀nù 400 dọ́là lọ, tí kò tó ra ọjà ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Saudi Arábíà ló gbé epo rọ̀bì fún wọn láìgba owó lójú ẹsẹ̀. Láìsí èyí, n kò rí bí iná ìlú ì bá ṣe tàn. Ní oṣù Kìíní ọdún 1999, wọ́n lọ bá àwọn olówó ní Paris Club, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn ìjọba tó ń yá orílẹ̀-èdè lówó, kí wọ́n tún ọjọ́ sísan gbèsè dá.

Ibì kan wà nínú ìtàn yìí tó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín. Pakístàn wà lára àwọn tó ń ra àlìkámà Amẹ́ríkà jù, àkókò tí wọ́n máa ra ti ọdún 1998 sì bọ́ sí àárín oṣù Keje. Bí ìjẹníyà náà bá dúró bó ṣe wà, ẹ̀yáwó tí wọ́n fi ń rà á kò ní jáde, ọjà yóò sì bọ́ sọ́wọ́ àwọn ẹlòmíràn. Àwọn àgbẹ̀ àlìkámà figbe ta. Ilé aṣòfin Amẹ́ríkà, tí kì í yára lórí ọ̀rọ̀ mìíràn, gbé òfin jáde láàárín ọjọ́ díẹ̀ láti yọ oúnjẹ kúrò nínú ìjẹníyà náà, Clinton sì buwọ́ lù ú ní ọjọ́ 14 oṣù Keje. Kò tó oṣù méjì tí bọ́ǹbù dún.

Íńdíà rìn nínú òjò kan náà

Ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tí bọ́ǹbù fúnra rẹ̀ ná Pakístàn, kó wo ẹ̀gbẹ́ kejì ààlà. Òfin Glenn kan náà ló bá Íńdíà, Jàpáànù kan náà ló dá ìrànwọ́ dúró, ìpinnu G8 kan náà ni. Ṣùgbọ́n Íńdíà ní ju bílíọ̀nù 25 dọ́là lọ ní ìpamọ́. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1998, ó ní kí àwọn ọmọ Íńdíà tó wà lẹ́yìn odi wá yá ìlú wọn lówó, wọ́n sì kó bílíọ̀nù 4.2 dọ́là jọ láàárín ọjọ́ mélòó kan. Láàárín ọdún kan náà, àwọn ọmọ Pakístàn tó wà lẹ́yìn odi ń wá oníhúńdì.

Ìdí nìyí tí n kò fi fara mọ́ àwọn tó ń sọ pé bọ́ǹbù ló ba ọrọ̀ ajé Pakístàn jẹ́. Ilé náà ti ń jò kí òjò tó dé. Ìjọba ti ná dọ́là oníǹkan kí Íńdíà tó yin ohunkóhun. Ìjà tí wọ́n ń bá àwọn ilé iṣẹ́ aládàáni tó ń pèsè iná mànàmáná jà ní ọdún yẹn náà ń lé àwọn olùdókòòwò. Ṣùgbọ́n n kò tún fara mọ́ àwọn tó ń dá bọ́ǹbù láre pátápátá. Ilé tó ń jò lè dúró fún ọdún mẹ́wàá sí i bí òjò ńlá kò bá rọ̀, kí onílé sì rí àyè tún òrùlé rẹ̀ ṣe. Wọ́n fi ọwọ́ ara wọn pe òjò ní ọdún tí òrùlé jò jù.

Ohun tí wọ́n rí gbà

Ìwọ̀n kò péye bí a bá gbé ẹ̀gbẹ́ kan nìkan sórí rẹ̀. Àwọn tó fọwọ́ sí bọ́ǹbù ní Pakístàn ní àríyànjiyàn tó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀: láti ọdún 1971, kò tún sí ogun àjàkú-akátá láàárín wọn àti Íńdíà. Láàárín ọdún 2001 sí 2002, ọmọ ogun bíi mílíọ̀nù kan ló dojú kọra ní ààlà fún ọ̀pọ̀ oṣù, ogun kò sì bẹ́. Bí ẹ̀rù bọ́ǹbù bá ní ọwọ́ nínú ìyẹn, ogun kan ṣoṣo tí kò jà lè tó owó Kahuta lọ́nà púpọ̀. Mo gba èyí.

Ohun tí n kò gbà ni àríyànjiyàn kejì, pé bọ́ǹbù yóò jẹ́ kí wọ́n dín owó ọmọ ogun kù. Ọ̀rọ̀ náà dùn létí: kí lènìyàn fẹ́ fi ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọkọ̀ ogun ṣe bó bá ní bọ́ǹbù? Ọdún kan géérégé lẹ́yìn Chagai, ní oṣù Karùn-ún ọdún 1999, ni wọ́n tún ń jà lórí òkè Kargil, pẹ̀lú ìbọn àti àgbá lásán, ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọmọ ogun sì kú. Owó àbò àti èlé gbèsè ni wọ́n ń gbé púpọ̀ jù nínú ètò ìṣúná ṣáájú bọ́ǹbù, àwọn náà ló ń gbé e lẹ́yìn bọ́ǹbù. Wọ́n ra àpò tuntun, wọn kò gbé ti àtijọ́ sọ̀kalẹ̀ léjìká.

Àwọn mìíràn máa ń ṣírò iye ilé ẹ̀kọ́ tí owó náà ì bá kọ́. Ìkànìyàn tí wọ́n ṣe ní oṣù Kẹta ọdún 1998 fi hàn pé ìdá 44 péré nínú ọgọ́rùn-ún ló mọ̀ ọ́n kọ, mọ̀ ọ́n kà, ti àwọn obìnrin kò sì ju ìdá 32 lọ. Òǹkà náà ba ni lọ́kàn jẹ́, ṣùgbọ́n n kò rí ẹ̀rí pé ìjọba tó kọ̀ láti kọ́ ilé ẹ̀kọ́ kí Multan tó ṣẹlẹ̀ yóò sáré kọ́ ọ bí Kahuta kò bá sí. Èyí tí mo lè gbé sórí ìwọ̀n láìbẹ̀rù ni èyí tó ní ọjọ́ àti orúkọ: ìrànwọ́ tó dáwọ́ dúró ní 1990, owó tó sùn ní Arizona, ẹ̀yáwó tó dúró ní 1998, àti dọ́là tó sọnù lọ́nà báńkì nítorí pé ìjọba rú òfin tirẹ̀. Nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, èyí tó kẹ́yìn ni mo gbà pé ó wúwo jù, torí pé Amẹ́ríkà lè mú ìjẹníyà kúrò ní ọjọ́ kan, ṣùgbọ́n ìjọba kò lè fi ìkéde dá ìgbẹ́kẹ̀lé padà.

Amẹ́ríkà mú un kúrò lóòótọ́. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 1999, Ọ̀gágun Pervez Musharraf fipá gba ìjọba lọ́wọ́ Nawaz Sharif, ìjẹníyà mìíràn sì gorí ti tẹ́lẹ̀. Ọdún méjì lẹ́yìn náà ni ọkọ̀ òfurufú wọnú ilé gogoro ní New York. Ní ọjọ́ 22 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2001, ọjọ́ 11 péré lẹ́yìn rẹ̀, Ààrẹ Bush kejì fagi lé ìjẹníyà átọ́míìkì, torí pé Amẹ́ríkà tún nílò ọ̀nà dé Afghanístàn, bó ti nílò rẹ̀ ní 1981. Ní oṣù Kejìlá ọdún yẹn, àwọn olówó ní Paris Club tún bílíọ̀nù 12.5 dọ́là nínú gbèsè Pakístàn ṣe, wọ́n sì fún un ní ọdún rẹpẹtẹ láti san án. Àwọn ìjọba tí Pakístàn jẹ lówó ló jókòó sí tábìlì náà. Ẹni tó gba rúpìì 46 lórí dọ́là rẹ̀ ní ọdún 1998 wà lára àwọn tí Pakístàn jẹ lówó, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó ránṣẹ́ pè é.